Epo ṣá lepo? Ó tì o: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé epo inú ilẹ̀ kì í ṣe ìkòkò kan

Màámi ń ta epo pupa ní Òmù-Àrán, ó ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Tí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì márùn-ún wá fún un láti oko, kì í wo ojú ẹni tó gbé e wá rárá, á ṣí ìdérí, á gbóòórùn ẹ̀, á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi ìka méjì ra á, á tọ́ ọ wò, á wá ní "mẹ́ta yìí, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti wá, ìkẹrin yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ìkarùn-ún yìí, ẹ lọ bi ẹni tó tà á fún yín pé kí ló fi lú u." Wọ́n á kọ́kọ́ jiyàn, tó bá yá wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìyá ẹ má bínú.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ sílé fún ìsọmọlórúkọ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní iṣẹ́ wo gan-an ni mo wá ń ṣe ní Port Harcourt tí n kì í fi í wálé. Mo ní Bàbá, mo wà ní láàbù, à ń yẹ epo rọ̀bì wò. Wọ́n ní kí lẹ wá ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀, epo ṣá lepo, ẹ fà á jáde, ẹ tà á, kówó wọlé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màámi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, ó ń wò mí pé kí n fèsì, èmi ò sì rí èsì gidi kankan fọ̀ torí bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo máa fi sọ ọ́ ni wọ́n ti gbé ìrẹsì dé. Èsì ọ̀hún rèé, ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

Àwòrán kan wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú látìbẹ̀rẹ̀, pé odò epo kan ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí wọ́n kàn ti páìpù bọ̀ tí wọ́n ń fà bí ìgbà téèyàn ń fi sitirọ́ọ̀ mu kúnú. Kò sí odò kankan níbẹ̀. Òkúta ni. Iyanrìn ni, tó ti wà níbẹ̀ láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tí ẹrù tó wà lórí ẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ra, inú àlàfo tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà láàárín hóró iyanrìn yẹn ni epo wà bí omi ṣe máa ń wà nínú kànrìnkàn. Nínú iyanrìn Niger Delta tó dáa, àlàfo yẹn lè tó 20 sí 30 nínú 100, ìyẹn ni pé tẹ́ẹ bá gé bílọ́ọ̀kù kan lára ẹ̀, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ àlàfo, ìyókù jẹ́ òkúta gbígbẹ. Amọ̀ tó ti le, tó ki dáadáa, ló wà lórí iyanrìn yẹn, epo ò lè gba inú ẹ̀ kọjá, òun ló ń ṣe iṣẹ́ ọmọrí. Lábẹ́ amọ̀, iyanrìn. Lábẹ́ iyanrìn, amọ̀. Bí wọ́n ṣe to ara wọn lé ara wọn lọ sísàlẹ̀ nìyẹn bí abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe àkójọ iyanrìn àti amọ̀ yìí ní Agbada, ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe aṣọ, orúkọ ibì kan lẹ́bàá Port Harcourt ni. Amọ̀ ńlá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Akata, iyanrìn tó wà lókè pátápátá ni Benin.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ilẹ̀ ọ̀hún tún ti sán ní ọ̀pọ̀ ibi, apá kan ti yọ̀ sísàlẹ̀ ju apá kejì lọ, ìpele iyanrìn tó yẹ kó máa lọ tààrà wá já láàárín, amọ̀ wá dojú kọ iyanrìn. Kẹ́ẹ wò ó bí ilé tí wọ́n ń pè ní féèsì-mí-àì-féèsì-yú, irú tó kún Táńkẹ̀ níbi táwọn ọmọ Unilorin ń gbé. Òrùlé kan, ẹnu ọ̀nà kan, ṣùgbọ́n yàrá mẹ́wàá. Ẹni tó wà níta tó ń wo òrùlé á ní ilé kan ni. Ẹni tó ń gbébẹ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sè ní yàrá kẹta, òórùn ẹ̀ lè má dé yàrá kẹrin láé tí ògiri bá mọ́ra, tàbí kó dé yàrá keje torí sílíìnì tó ṣí sílẹ̀ lókè.

Ìbéèrè tó ń jẹ owó nìyẹn gan-an: yàrá mélòó ló wà lábẹ́ òrùlé yìí, èwo ló ṣí síra wọn? Tí epo tó wà ní ìlà oòrùn bá ṣí sí ti ìwọ̀ oòrùn, kànga kan lè fa méjèèjì tó bá yá. Tí ògiri bá wà láàárín, ẹ̀ẹ́ fa tibí tán, tọ̀hún á wà níbẹ̀ gbáà, ẹ ò ní mọ̀. Kànga kan sì ń gba mílíọ̀nù dọ́là lọ́nà púpọ̀, ti inú òkun jíjìn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn ò lè kàn máa dáhò kiri bí ẹni ń wá omi.

Ẹ ṣá jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tí epo fi máa ń yàtọ̀, torí tí kò bá yàtọ̀ kò sí nǹkan tí láàbù fẹ́ kà lára ẹ̀.

Epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tó ti kú. Ewé, èèpo igi, ewédò kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, gbogbo wọn rì mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ò dé, ẹrẹ̀ mìíràn wá bò wọ́n, òmíràn tún bò ìyẹn, wọ́n ń jìn lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ bá ṣe ń jìn ni ilẹ̀ ń gbóná, ó máa ń fi bíi 25 sí 30 dígírì Sẹ́ńtígíréèdì lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti tó bíi 60 dígírì, epo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a lọ títí dé bíi 150, ibẹ̀ ni gáàsì á ti gba ilé. Àwọn oníṣẹ́ epo fúnra wọn, ibi tí sísè yìí ti ń ṣẹlẹ̀, kitchen ni wọ́n ń pè é, èmi ò pa á láwàdà, bó ṣe wà nínú ìwé wọn nìyẹn, kitchen. Ọbẹ̀ tí wọ́n bù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó àti èyí tí wọ́n bù nígbà tó ti jinná jálẹ̀ ò lè dọ́gba lẹ́nu. Epo tó kọ́kọ́ yọ máa ń ki, ó máa ń wúwo, èyí tó yọ lẹ́yìn ń fúyẹ́. Méjèèjì á gbéra láti kitchen, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú iyanrìn torí epo fúyẹ́ ju omi lọ, títí wọ́n á fi kọ lu amọ̀ tó ń ṣe ọmọrí. Èyí tó kọ́kọ́ dé á gba ibi tó wù ú, èyí tó tẹ̀ lé e á tì í síwájú. Nítorí náà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ kitchen ni epo tó jinná jù á wà, ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà á di ti epo àkọ́dé. Yàrá kan náà o.

Ẹ̀yin lè wá ní ṣé wọn ò ní dàpọ̀ ni, ọdún ti pọ̀ tó. Wọ́n ń dàpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ṣíbí rò ó. Inú àlàfo tí ò tó orí abẹ́rẹ́ ni epo ti ń rìn, ẹyọ kan ń ta ẹyọ kan nípàá. Nínú ìpele iyanrìn tó nípọn tó 100 mítà, kí epo òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó mọ ara wọn dáadáa lè gbà tó mílíọ̀nù ọdún kan. Láti apá kan sí èkejì tó jẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ogún, ọ̀nà ọgbọ̀n, kó má tíì parí. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé "á ti dọ́gba nísàlẹ̀ ọ̀hún" ò mọ bí òkúta ṣe ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò.

Nǹkan mìíràn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí. Wọ́n ń gbé nísàlẹ̀, wọ́n ń jẹ epo, òótọ́ ni. Níbi tí ooru ò bá ju bíi 80 dígírì lọ, tí omi sì wà nítòsí, wọ́n á máa jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí epo àti omi ti pàdé. Wọn kì í jẹ ẹ́ bó ṣe wà o, wọ́n máa ń ṣa ẹran kúrò lára eegun ni. Àwọn èròjà tó gùn gbọọrọ, tí ò ní ẹ̀ka, ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ, wọ́n á wá fi àwọn tó ní ẹ̀ka àti àwọn tó ká kiribiti sílẹ̀ dìgbà tí ebi bá pa wọ́n gan-an. Epo tí wọ́n bá jẹ báyìí á máa ki sí i, á máa dúdú sí i, títí á fi di ọ̀dà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ẹ ò ní jìnnà kẹ́ẹ tó rí i: Agbabu, nípìnlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọ̀dà ti ń yọ lójú ilẹ̀ tí ara ilẹ̀ dúdú lábẹ́ igi, epo gidi nìyẹn tẹ́lẹ̀ kí àwọn kòkòrò tó jẹ ẹ́, kí omi sì tó fọ̀ ọ́.

Ti ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Èyí ò le, ẹ ti rí i lọ́jà. Ẹ da epo pupa sínú dírọ́ọ̀mù, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, tẹ́ẹ bá padà dé, èyí tó ń ṣàn wà lókè, èyí tó dì ti rọ̀ sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà Màámi máa ń jà torí ẹ̀, pé tòkè ni kí wọ́n bù fún àwọn. Epo inú ilẹ̀ náà, àwọn èròjà tó wúwo jù ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gáàsì ń lọ sókè. Nígbà mìíràn ó máa ń pọ̀ débi pé ìsàlẹ̀ pátápátá á di ọ̀dà tó le gan-an tí kò ní lè ṣàn, bí irú èyí tó wà nísàlẹ̀ epo Prudhoe Bay ní Alaska, tó dí ọ̀nà láàárín epo àti omi tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ẹ bá gbẹ́ kànga yín dé ibẹ̀, ẹ kú orí ire.

Ẹ rí i báyìí pé bí epo bá yàtọ̀ láti kànga sí kànga, ìdí ẹ̀ lè ju mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ ni kéèyàn mọ èwo.

Ká wá wọ láàbù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jù, orúkọ ẹ̀ ni gas chromatograph, àwa kàn ń pè é ní GC. Kò ní ìrísí tó ń dẹ́rù bani, ó jọ máíkíròwéèfù ńlá. Inú ẹ̀ ni wọ́n ká páìpù kan sí, tó lè gùn tó 30 tàbí 60 mítà ṣùgbọ́n tí ihò inú ẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ. Ẹ̀kán epo tí wọ́n ń fún un kéré débi tí ẹ ò ní rí i lójú, wọ́n á fi gáàsì tì í lọ nínú páìpù, ẹ̀rọ á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ láti bíi 40 dígírì títí á fi kọjá 300. Ẹ rò pé èrò kún ọkọ̀ kan ní Ilọrin tó ń lọ Òmù-Àrán, tí olúkúlùkù sọ pé òun á dá fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ò gbẹ́rù, á ti dé. Ẹni tó gbé àpò gàrí kan á simi díẹ̀ ní Ganmo. Ẹni tó gbé àpò mẹ́ta á jókòó ní Àjàṣẹ́-Ìpo, á jókòó ní Òrò, á dé lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà tó fúyẹ́ ṣe ń jáde lẹ́nu páìpù ṣáájú, tí àwọn tó wúwo ń tẹ̀ lé wọn, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń yọ ni iná kékeré kan ń jó o níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á fa ìlà sókè. Gbogbo ẹ̀ lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ohun tẹ́ẹ máa rí lórí ìwé ni òkè kéékèèké bí eyín, ọ̀pọ̀lọpọ̀, àwọn gíga kan wà tó tò jẹ́jẹ́, láàárín wọn ni àwọn kúkúrú wà.

Ẹni tí ò mọ̀ á máa wo àwọn gíga. Àwọn gíga yẹn, gbogbo epo ló ní wọn, wọn ò sọ nǹkan púpọ̀, àti pé àwọn ni kòkòrò máa kọ́kọ́ jẹ. Àwọn kúkúrú tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á mú méjì tó fara kan ara wọn, wọ́n á wo èwo ló ga jù àti ìlọ́po mélòó, wọ́n á tún mú méjì mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi tó mẹ́wàá, méjìlá. Wọ́n á wá ya á bí ìràwọ̀, ẹnu ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìpín kan. Tí epo méjì bá wá láti yàrá tó ṣí síra wọn dáadáa, ìràwọ̀ wọn á bo ara wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ kan ló yà wọ́n. Tó bá yàtọ̀, ẹ̀ẹ́ rí i láìsí pé ẹ lọ sílé ìwé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ò jìnnà sí èyí tí ẹ mọ̀, ìka ọwọ́, bí ti ọlọ́pàá, fingerprint.

Ìdí tí wọ́n fi ń wo èyí tó fara kan ara wọn ni pé àwọn méjì yẹn, ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí gáàsì bá jáde lára sáńpù, ìyẹn epo díẹ̀ tí wọ́n bù wá yẹ̀ wò, bí ó bá gbóná díẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì ló máa ṣe é dọ́gba, ìpín wọn ò ní yí padà. Ẹni tó ronú kan èyí gbọ́n o.

GC nìkan kọ́. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń wá àwọn èròjà tó ṣì gbé àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n jẹ́ nígbà ayé wọn. Èyí ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Lọ́dún 1934, bàbá kan tó ń jẹ́ Alfred Treibs ní Jámánì rí nǹkan nínú epo rọ̀bì tó jọ àwọ̀ ewé, ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ yẹn, ẹ̀yà ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn àìmọye ọdún. Látìgbà náà ni wọ́n ti rí ti kòkòrò àìfojúrí, wọ́n ti rí ti ewédò. Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ oleanane, ara igi olódòdó ló ti ń wá, epo Niger Delta sì kún fún un, torí igbó ńlá ló wà létí omi ibẹ̀, odò ń gbé ewé àti èèpo wọlé ní gbogbo ìgbà. Tí ìpele kan bá ní oleanane púpọ̀ tí èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò ní tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìkòkò kan ló sè wọ́n, ó ṣeé ṣe kí kitchen méjì wà. Àti pristane, tó ń tinú àwọ̀ ewé wá, òun ní ẹ̀ka, kòkòrò kì í tètè jẹ ẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń fi í wé aládùúgbò ẹ̀ tó gùn gbọọrọ. Tí gbọọrọ bá ti dínkù tí pristane dúró, ẹ mọ̀ pé àwọn kòkòrò ti jókòó sí ìdí abọ́ yìí.

Ibi tó ti máa ń dàrú rèé, ó sì dàrú mọ́ èmi náà lọ́wọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kó yé wa. Bí epo méjì bá yàtọ̀, ìyẹn ò tíì sọ pé ògiri wà láàárín wọn. Ká sọ pé wọ́n gbẹ́ kànga mẹ́ta, wọ́n bu epo láti òkè, láti àárín, láti ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń wúwo díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ láìfò, dírọ́ọ̀mù Màámi nìyẹn, kò sí ògiri, ìwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òkè àti àárín jọra, tí ìsàlẹ̀ wá fò lójijì, tàbí tó jẹ́ pé èyí tó fúyẹ́ ló wà nísàlẹ̀ tí èyí tó wúwo wà lókè ẹ̀, ẹ dìde jókòó. Epo wíwúwo ò lè dúró lórí fífúyẹ́ fún mílíọ̀nù ọdún láìsí nǹkan tó gbé e dání. Amọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wo inú ilẹ̀ ò rí, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́.

Èkejì wá ni pé tí wọ́n bá jọra, ìyẹn náà ò sọ pé wọ́n ṣí síra wọn. Yàrá méjì lè má ní ilẹ̀kùn láàárín kó sì jẹ́ ìyá kan ló ń gbọ́únjẹ fún wọn. Nítorí náà láàbù kì í dá ẹjọ́ yìí nìkan, wọ́n á bá àwọn tó ń wọn presọ̀, ìyẹn agbára tó ń ti epo nínú òkúta, jókòó. Presọ̀ ń yára. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀ báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo ní yàrá kan, presọ̀ yàrá kejì á wálẹ̀ láàárín oṣù tàbí ọdún. Bí èròjà inú epo ṣe ń dọ́gba lọ́ra, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín mílíọ̀nù ọdún ló ń sọ. Ọ̀kan ń sọ ìtàn, ọ̀kan ń sọ ìròyìn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan tí ò gbọ́ èkejì, á gbẹ́ kànga sí ibi tí kò yẹ, mo ti rí i.

Ilé iṣẹ́ tún ń lò ó fún ohun tó rọrùn jù yẹn lọ, èyí ni Bàbá máa fẹ́ràn torí owó wà nínú ẹ̀ tààrà. Kànga kan lè fa epo láti ìpele méjì, wọ́n á jọ jáde lẹ́nu páìpù kan. Èló ti òkè, èló ti ìsàlẹ̀? Ẹ̀rọ tí wọ́n máa sọ sínú kànga láti fi wọ̀n ọ́n, owó ńlá ni, ó sì máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mọ ìka ọwọ́ epo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀, ìgò kékeré kan láti ẹnu kànga tó. Ká ní nǹkan kan wà nínú epo òkè, 10 ni iye ẹ̀, nínú ti ìsàlẹ̀ ó jẹ́ 30. Àdàlù tó jáde ní 15. Láti 10 dé 30 jẹ́ 20, láti 10 dé 15 jẹ́ 5, 5 nínú 20 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìsàlẹ̀ wá, ìyókù tòkè ni. Àwọn alépo tó ń po epo ọdún yìí mọ́ ti èṣí mọ ìṣirò yìí, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Láàbù kì í fi ẹyọ kan ṣe é ṣá o, mẹ́wàá, ogún, kí kọ̀ǹpútà sì bá wọn wá ibi tí gbogbo ẹ̀ ti fẹnu kò. Bí epo bá ń jò níta páìpù nínú kànga náà, wọ́n á fi mọ ìpele tó ti ń jò, bákan náà ni tí epo bá dà sínú odò tí ilé iṣẹ́ mẹ́ta ń sẹ́ pé kì í ṣe tiwọn.

Ẹnì kan á bi mí, ti Kwara ńkọ́, ṣé a ò ní tiwa ni? Òkè Sóbì ní Ilọrin tẹ́ẹ máa ń rí lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, irú òkúta ẹ̀ tó le, tí ò ní àlàfo, ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Kwara, epo ò lè sè nínú ẹ̀, kò sì lè gbé inú ẹ̀. Apá Pàtígi àti Lafiagi ni iyanrìn ti wọlé, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ bèsìnnì Bida, ìyẹn kòtò ńlá ìgbàanì tí iyanrìn àti amọ̀ ti kún, dé, àwọn tó ń wá epo ti ń wo ọ̀nà ibẹ̀ tipẹ́. Tó bá di ọjọ́ tí wọ́n rí, ibi tí kitchen ẹ̀ wà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.

Ó ku sáńpù. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí, ìgò ni ó dá lé. Tí wọ́n bá fi ẹrẹ̀ tí wọ́n po pẹ̀lú epo gbẹ́ kànga náà, epo inú ẹrẹ̀ á dà mọ́ epo ilẹ̀, ìràwọ̀ á yà bí ó ṣe wù ú. Tí wọ́n bá lo kẹ́ẹ̀gì oníke, epo á jẹ nínú ike. Ìgò gíláàsì ni wọ́n ń lò, tí ìdérí ẹ̀ ò ní jẹ́ rọ́bà lásán, kí wọ́n kún un dáadáa kí atẹ́gùn má ráyè, kí wọ́n kọ gbogbo nǹkan sí i lára lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ìyẹn ju inú láàbù lọ, àwọn tó wà lórí kànga kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ, oòrùn ń pa wọ́n, ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè wọ́n, wọ́n á kàn bù ú wá.

Lọ́dún yìí nígbà tí mo tún lọ sílé, mo mú ìgò kékeré kan lọ́wọ́, sáńpù tó ti pẹ́ tí wọ́n fẹ́ dà nù ni, mo ní kí Màámi wò ó, torí ìgbà tí mo ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún un lórí fóònù ó ní òun ò rí epo rọ̀bì rí láyé òun. Bàbá náà wà níbẹ̀. Màámi ṣí i, ó gbóòórùn ẹ̀, ó yí ìgò náà síwá sẹ́yìn, ó wo bó ṣe ń wálẹ̀ lára gíláàsì. Kò tọ́ ọ wò o, mo ti bẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Ó wá bi mí pé, "Tòkè lẹ bù ni àbí tìsàlẹ̀?"

Mo wo lébẹ̀lì. Wọ́n kọ orúkọ kànga, wọ́n kọ déètì. Wọn ò kọ bó ṣe jìn tó.